Áàpù ní aago 7:20 ni búrẹ́dì yóò tán nínú ọkọ̀, aago 8:50 ló ń tán. Ibo ni àṣìṣe wà?

Alábúrẹ́dì Ìdí-Òró (Ọjọ́ Ajé, aago 8:05 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kékeré kan ni mo ní ní Ìdí-Òró, ní Múṣin, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí a ti ń ṣe búrẹ́dì Agége níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì àti alùpùpù kan ni a fi ń gbé e jáde. Ibi 38 ni a ń já búrẹ́dì sí láràárọ̀: 21 wà ní ìhà Mainland, láti Múṣin dé Fádèyí, Yaba, Oyíngbò, Ẹbúté-Mẹ́ta àti Sùúrùlérè, 17 sì wà lórí Erékùṣù Èkó, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìdúmọ̀tà, Òkè Àrín, Láfíájì àti Ọbáléndé. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ti Erékùṣù jẹ́ ìyá ẹléwà, àwọn tó kù jẹ́ onísọ̀.

Tẹ́lẹ̀, inú orí awakọ̀ mi àgbà ni gbogbo ìrìn náà wà. Òun ló mọ ẹni tó yẹ kí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló sì mọ ẹni tí kì í tètè jí. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìgbà yẹn la tó rí i pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọ̀nà náà délẹ̀. Nítorí èyí, àti nítorí owó epo bẹntiróòlù tó fò sókè láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣooṣù fún áàpù kan tí ń pín ẹrù fún ọkọ̀, tí ó sì ń to ọ̀nà fún awakọ̀. Mo tẹ àdírẹ́sì àwọn oníbàárà mi sínú rẹ̀, ó pín wọn dọ́gba, 19 fún ọkọ̀ kan, 19 fún èkejì, ó sì fa ìlà aláràbarà sórí máàpù. Ó wù mí láti wò.

Ìṣòro mi nìyí. Áàpù sọ pé bí ọkọ̀ méjèèjì bá gbéra ní aago 4:15 ìdájí, búrẹ́dì tó gbẹ̀yìn yóò ti bọ́ sílẹ̀ ní aago 7:20. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, aago 8:50 la máa ń parí. Àwọn ìyá ẹléwà ti ń bá mi jà, méjì nínú wọn ti lọ bá oníbúrẹ́dì mìíràn. Àwọn awakọ̀ mi ní ọ̀nà ló dí. Ẹni tó ta áàpù fún mi ní àwọn awakọ̀ ló ń yà sí ibi tí a kò rán wọn. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Bàbá Awakọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 8:40 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Mo wa ọkọ̀ láti Oyíngbò sí Ìdúmọ̀tà fún ogún ọdún kí ẹsẹ̀ tó sọ fún mi pé ó tó. Awakọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n n kò ní gbè sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi lórí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá òun dúró láàárín Ojúẹlẹ́gba àti Ìdúmọ̀tà ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ bi í léèrè bóyá jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí jàǹbá, ọ̀nà náà ṣófo ní àkókò yẹn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń di ìṣòro, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Erékùṣù.

Ẹ bá mi kọ bí áàpù ṣe to ìrìn náà, kí n wò ó.

Alábúrẹ́dì Ìdí-Òró (Ọjọ́ Ajé, aago 9:10 alẹ́)

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọkọ̀ kìíní ń bẹ̀rẹ̀ láti Fádèyí, ó ń gba Yaba àti Oyíngbò dé Ẹbúté-Mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò gun Afárá Carter bọ́ sí Ìdúmọ̀tà, Òkè Àrín àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkọ̀ kejì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí wa ní Múṣin, ó ń gba Sùúrùlérè dé Costain, ó gun Afárá Èkó sọ̀ kalẹ̀ ní Àpọ́ńgbọ̀n, ó sì ń parí ní Láfíájì àti Ọbáléndé. Ọkọ̀ kìíní kì í dé Ìdúmọ̀tà kí ó tó di aago mẹ́fà àbọ̀, èkejì a tún pẹ́ jù ú lọ.

Bàbá Awakọ̀ (Ọjọ́ Ajé, aago 9:22 alẹ́)

Ọkọ̀ méjèèjì ló ń kọjá omi! Ọkọ̀ méjèèjì ló sì ń fi ìyá ẹléwà sí ìparí! Ìyá, ẹni tó tò ó báyìí kò jẹ ẹ̀wà rí.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Yaba (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:30 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ kú àárọ̀ sà. Iṣẹ́ mi ni kíkọ irú ètò báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbà fún Bàbá lápá kan, kí n sì gbèjà ẹ̀rọ lápá kejì.

Áàpù kò jẹ ẹ̀wà lóòótọ́. Ohun tí a bá ní kó dín kù ló ń dín kù, bí ẹ kò bá sì sọ ohun kankan fún un, kìlómítà ni púpọ̀ nínú wọn máa ń dín kù. Ní ojú kìlómítà, ẹni tó wà nítòsí ni a kọ́kọ́ ń já fún, ẹni tó jìnnà ni ó ń gbẹ̀yìn, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni ẹ ń gbé. Pípín tó pín in ní 19 àti 19 náà, ó dá mi lójú pé ibì kan wà nínú ètò náà tí wọ́n ti yàn pé kí iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ dọ́gba. Ẹ wá a rí, kí ẹ sì pa á.

Ìdí tí a fi ń lo ẹ̀rọ rárá ni pé iye ọ̀nà tí a lè gbà to ibi díẹ̀ pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ibi 10 ṣeé tò ní ọ̀nà 3,628,800. Ẹ fi méjì péré kún un kó di 12, ó di 479,001,600. Kò tilẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tó ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí iye ibi bá ti pọ̀. Ọgbọ́n ni wọ́n ń dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1959 ni àwọn onímọ̀ méjì, George Dantzig àti John Ramser, kọ̀wé lórí rẹ̀, táńkà epo ni wọ́n sì fi ṣe àpẹẹrẹ, bí a ó ṣe gbé epo láti ibùdó kan lọ sí ọ̀pọ̀ ilé epo láìrìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Clarke àti Wright, gbé ọgbọ́n kan jáde tó rọrùn débi pé ẹ lè ṣe é lórí bébà. Ẹ jẹ́ ká ní kìlómítà 10 ni láti Ìdí-Òró sí Ìdúmọ̀tà, kìlómítà 10 sí Òkè Àrín, kìlómítà 1 sì ni láàárín àwọn méjèèjì. Bí ọkọ̀ kan bá lọ bọ̀ fún ọ̀kan, tí òmíràn tún lọ bọ̀ fún èkejì, kìlómítà 40 ni. Bí ọkọ̀ kan bá so wọ́n pọ̀, 21 ni. Èrè 19 nìyẹn. Ẹ ṣírò èrè yìí fún oníbàárà méjì-méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn tí èrè wọn pọ̀ jù lọ pọ̀ títí ọkọ̀ yóò fi kún. Nípa ìṣirò yìí nìkan, àwọn ará Erékùṣù ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ọkọ̀ kan náà, nítorí gbogbo wọn ló jìnnà sí yín, tí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn. Èyí ni ohun tí Bàbá rí ní ìṣẹ́jú méjìlá tó fi ka ọ̀rọ̀ yín.

Ìbéèrè méjì ni mo ní, mà. Ṣé ẹ sọ fún áàpù aago tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ búrẹ́dì? Ìṣẹ́jú mélòó sì ni ẹ kọ síbẹ̀ pé ọkọ̀ ń lò nígbà tó bá dúró ní ibi kan?

Alábúrẹ́dì Ìdí-Òró (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:15 ọ̀sán)

N kò sọ aago ẹnikẹ́ni fún un, ọmọ mi. N kò mọ̀ pé ó ń béèrè. Ti ìṣẹ́jú, mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án.

Akọ̀wé Ẹrù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:03 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé mo ti rí ibi tí aago 8:50 ti wá. Ẹbúté-Mẹ́ta ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìtajà oògùn kan tí ń pín oògùn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní ìhà méjèèjì, èmi ni mo sì ń bójú tó ìrìn ọkọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìṣẹ́jú. Láti aago 7:20 sí 8:50 jẹ́ ìṣẹ́jú 90. Ibi 19 ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dúró sí. Bí ẹ bá pín 90 sí ọ̀nà 19, ó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyẹn ni pé bí àwọn ọmọ yín bá ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ níbi kọ̀ọ̀kan, dípò mẹ́ta tí ẹ bá nínú áàpù, gbogbo àlàyé ti pé. A kò nílò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan láti fi ṣàlàyé rẹ̀, a kò sì nílò awakọ̀ tó yà sí ibi tí a kò rán an.

Àmọ́ èyí ṣì jẹ́ àbá. Ẹ ra ìwé àjákọ kékeré méjì, ẹ fún ọmọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Kí ó kọ aago tí ọkọ̀ dúró àti aago tí ó ṣí, níbi gbogbo, fún ọjọ́ márùn-ún. Ọmọ ọkọ̀ ni kí ó kọ ọ́ o, kí awakọ̀ gbájú mọ́ ọ̀nà. Kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé owó oṣù ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣẹ́jú tó dùn mọ́ yín nínú ni wọn yóò máa kọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa: oṣù kan odindi ni a fi ń gbóríyìn fún awakọ̀ kan tó ń kọ ìṣẹ́jú méjì-méjì síbi gbogbo.

Ajíṣẹ́ Sùúrùlérè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:47 ìrọ̀lẹ́)

Mo wà lẹ́yìn Akọ̀wé, ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà. Dísípáàṣì ni mo ń ṣe, lórí alùpùpù. Ẹ ní ẹ tẹ àdírẹ́sì wọn sínú áàpù. Àdírẹ́sì wo? Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí oníbàárà máa ń sọ fún mi ni pé kí n wá sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, kí n béèrè ilé ìyá tó ń ta àgbo. Bí ẹ bá tẹ Ìdúmọ̀tà lásán, máàpù lè fi àmì yín sórí afárá, nítorí pé afárá ń kọjá lókè ibẹ̀. Nígbà náà, áàpù yóò gbà pé orí afárá ni ọkọ̀ ti ń dúró já búrẹ́dì, yóò sì ṣírò ọ̀nà tí kò sí lábẹ́ ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọkọ̀ dúró ní ojú ibẹ̀ gan-an, kó tẹ ojú máàpù mọ́lẹ̀, kó sì mú Plus Code ibẹ̀, ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí máàpù fi ń dá ojú ibì kan mọ̀. Ti Erékùṣù Èkó, ti Múṣin àti ti Sùúrùlérè, 6FR5 ni gbogbo rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àmì tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò mú yín dé orí ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 14 ní ìbú àti ní òró. Ó tó láti mọ ẹnu ọ̀nà kan yàtọ̀ sí òmíràn. Kò béèrè orúkọ òpópónà tàbí nọ́ńbà ilé.

Ẹ má sì fi àmì sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù oníbàárà. Ibi tí bọ́ọ̀sì lè dúró sí ni kí ẹ fi àmì sí. Ní Ìdúmọ̀tà, ó ṣeé ṣe kí àwọn oníbàárà mẹ́ta wà ní kọ̀rọ̀ mẹ́ta, kó sì jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ọkọ̀ lè dúró sí fún gbogbo wọn, tí ọmọ ọkọ̀ yóò ti máa fi orí ru búrẹ́dì wọlé.

Bàbá Awakọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:31 alẹ́)

Ọmọ yìí sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú nípa ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà: ẹ ń sọ̀rọ̀ Èkó bí ẹni pé bákan náà ló rí lójoojúmọ́. Ọjọ́bọ̀ ń bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjà ń ṣe ìmọ́tótó, ìsọ̀ inú ọjà kì í ṣí títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé Òkè Àrín ní aago mẹ́fà Ọjọ́bọ̀, ta ni yóò já búrẹ́dì fún? Ọjọ́ Ẹtì náà ní tirẹ̀: lọ́sàn-án, nígbà ìrun Jímọ̀, ẹ má ṣe ní kí ọkọ̀ gba iwájú Mọ́ṣáláṣí Àárín Gbùngbùn tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe. Ti ọjọ́ Ẹ̀yọ̀ ńkọ́? Bí Ẹ̀yọ̀ bá jáde ní Èkó, wọ́n ń ti ọ̀nà, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ sì wà lára ohun tí Ẹ̀yọ̀ kò fẹ́ rí.

Àwọn afárá náà ń kọ́? Nígbà tí iná jó lábẹ́ Afárá Èkó ní Àpọ́ńgbọ̀n ní oṣù kẹta ọdún 2022, wọ́n ti apá kan rẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n ti apá kan Third Mainland fún àtúnṣe, oṣù bíi mélòó kan ni a fi ń fi aago wo ìgbà tí ó kan àwọn tó ń lọ àti ìgbà tó kan àwọn tó ń bọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ méjèèjì ń kọjá omi, bí afárá kan bá ṣẹ́ ẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló bàjẹ́.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Yaba (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:05 alẹ́)

Ẹ má bínú, sà. Ohun tí ẹ sọ yìí gan-an ni áàpù ń wá, kò sì ní àtigbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Ètò tó dára máa ń jẹ́ kí a fi aago ìṣíde àti aago ìparí sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Ọjọ́bọ̀ lè yàtọ̀ sí ti Ọjọ́rú. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé Òkè Àrín kì í ṣí kí aago mẹ́wàá tó lù ní Ọjọ́bọ̀, kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà láéláé, àní bí awakọ̀ tuntun ló bá wà nídìí ọkọ̀. Ti Ẹ̀yọ̀ àti ti iná, ènìyàn ni yóò fọwọ́ tì í lọ́jọ́ náà.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú, mà: àwọn ètò kan ń lo máàpù ọ̀fẹ́ OpenStreetMap láti fi ṣírò bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó, kò sì sí ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ àfi bí ẹni tó ṣe áàpù bá fi kún un. Ìṣẹ́jú tí ó sọ fún aago márùn-ún ìdájí lè jẹ́ òótọ́, kí irú rẹ̀ fún aago mẹ́jọ jẹ́ àlá. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí àwọn tó jìnnà tètè gba tiwọn, kí ọ̀nà tó dí.

Alábúrẹ́dì Ìdí-Òró (Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aago 7:50 alẹ́)

Mo ti padà dé o. Ọjọ́ márùn-ún pé lánàá. Mo jókòó ti ìwé méjèèjì pẹ̀lú ọmọ mi obìnrin, a sì ṣe ìṣirò wọn pọ̀.

Akọ̀wé, ọwọ́ yín ni mo wà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ọkọ̀ ń lò níbi kan, bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a sì pín in. Ìrìn láti ibì kan sí èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí áàpù sọ. Ojú ti mí díẹ̀, nítorí mo ti bá awakọ̀ mi kékeré wí gan-an. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá ní kí ọmọ ọkọ̀ ṣàlàyé ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà ń bá lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi ń ka búrẹ́dì tí wọ́n sì fi ń gbé e wọlé. Ìṣẹ́jú méjì fún búrẹ́dì àná tí oníbàárà dá padà, nítorí a gbọ́dọ̀ kà á, kí a sì yọ owó rẹ̀ kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù, owó ni. Ẹni tó ń wá ṣénjì wà níbẹ̀. Ẹni tó san owó láti orí fóònù wà níbẹ̀, tí ọmọ ọkọ̀ yóò sì dúró títí àlẹ́ẹ̀tì yóò fi wọlé, ọjọ́ mìíràn àlẹ́ẹ̀tì kò ní wọlé. Ẹni tó jẹ gbèsè ọjọ́ mẹ́ta, tí ó fẹ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, òun náà wà níbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n kò mọ̀ pé owó gbígbà ni ọkọ̀ mi ń fi ìdajì ìdúró rẹ̀ ṣe.

Ìyá Ẹléwà Láfíájì (Ọjọ́ Ajé, aago 8:12 alẹ́)

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo wà lára àwọn tí ń gba búrẹ́dì yín, Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀wà mi ń jinná ní aago márùn-ún àbọ̀. Àwọn tó ń rà á láti fi ṣe oúnjẹ àárọ̀ ni àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, aago mẹ́fà sí méje ni wọ́n ń kọjá. Bí búrẹ́dì bá dé ní aago méje, ẹ̀wà nìkan ni mo ń tà fún wọn, wọn kì í sì í ra ẹ̀wà láìsí búrẹ́dì. Búrẹ́dì aago méje ni mo ń dá padà fún yín lọ́jọ́ kejì. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Akọ̀wé Ẹrù (Ọjọ́ Ajé, aago 8:55 alẹ́)

Ìyá ti sọ ọ́ tán. Bí búrẹ́dì bá tètè dé, èyí tí wọ́n ń dá padà yóò dín kù, ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fi ń kà á yóò sì dín kù pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí èmi yóò ṣe nìyí bí ó bá jẹ́ tèmi. Ẹ yọ owó kúrò lára ọkọ̀ búrẹ́dì pátápátá. Kí ọmọ ọkọ̀ já búrẹ́dì, kó mú ti àná, kí oníbàárà fọwọ́ sí ìwé, kí ọkọ̀ sì ṣí. Kí ẹni tó ń gun alùpùpù jáde ní aago mẹ́wàá láti lọ gba owó, nígbà tí àwọn ìyá náà ti tà, tí owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ óò bá ẹni tó jẹ gbèsè ní ipò tó lè san án. Kí ẹ wá lọ sínú áàpù, ẹ sọ ìṣẹ́jú mẹ́ta di mẹ́rin. Mẹ́rin tòótọ́ sàn ju mẹ́ta irọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ óò kó Erékùṣù sínú ọkọ̀ kan, kí ó sì kọjá omi kó tó já ẹyọ búrẹ́dì kan.

Mo ní ìkìlọ̀ kan tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ. Ẹ̀yìn nìkan ni bọ́ọ̀sì yín ti ń ṣí, àbí? Búrẹ́dì ẹni tó gbẹ̀yìn ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó wọlé, kí ti ẹni àkọ́kọ́ wà ní ẹnu ilẹ̀kùn. Bí áàpù bá ń tún ìrìn náà tò lójoojúmọ́ nítorí pé ó rí kìlómítà kan tí ó lè jèrè, àwọn tó ń kó búrẹ́dì sọ́kọ̀ ní aago mẹ́ta òru yóò dàrú, ọmọ ọkọ̀ yóò máa tú ẹrù wá inú ẹrù ní ojú títì, èrè kìlómítà kan yóò sì di òfò ìṣẹ́jú ogún. A ti jìyà èyí. Ẹ to ìrìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ lò ó fún oṣù kan, kí ẹ tó tún un tò. Ẹni tí ń gba búrẹ́dì náà ń fẹ́ mọ aago tí yóò máa retí yín.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Yaba (Ọjọ́ Ajé, aago 9:30 alẹ́)

Lórí ọ̀rọ̀ títún un tò lójoojúmọ́, mo gbà pé ẹ borí mi. Ohun tí a máa ń fi polówó irú áàpù báyìí gan-an ni ẹ sọ pé kí a má lò. Ṣùgbọ́n mà, ṣé gbogbo búrẹ́dì Erékùṣù yóò gbà nínú bọ́ọ̀sì kan? Ẹ kọ iye tí ọkọ̀ ń gbà sínú áàpù kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, kó má baà tò ó dáadáa lórí máàpù kó sì kù sí ẹnu ilẹ̀kùn yín.

Alábúrẹ́dì Ìdí-Òró (Ọjọ́ Ajé, aago 9:41 alẹ́)

Kò ní gbà. Ti ibi 14 ni yóò gbà, bí a bá fún un mọ́ra. Àwọn onísọ̀ mẹ́ta tó wà ní Òkè Àrín ni yóò kù síta.

Ajíṣẹ́ Sùúrùlérè (Ọjọ́ Ajé, aago 9:58 alẹ́)

Ẹ gbé ti Òkè Àrín fún alùpùpù tí yóò lọ gba owó ní aago mẹ́wàá, mà. Ìsọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹléwà, kò sí ẹni tí ń bá wọn dupò ní aago mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí Bàbá sọ ti yanjú ara rẹ̀ nìyẹn. Kí ìwé ọkọ̀ àti ìwé ilé iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ ọmọ náà o. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó àti Sùúrùlérè wà lára wọn, wọ́n sì fi Múṣin kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Àwọn ọ̀kadà akérò ló bá wí, wọ́n yọ àwa ajíṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi hàn ní ojú títì, àlàyé yóò pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín.

Alábúrẹ́dì Ìdí-Òró (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, aago 8:20 alẹ́)

Ẹ̀yin ará wa, mo jẹ yín ní àbọ̀.

Awakọ̀ mi àgbà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo jókòó tì í ní ọjọ́ Àìkú méjì, mo ń bi í léèrè, ọmọ mi ń tẹ̀ ẹ́. Aago tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń jí, ibi tí ọkọ̀ ti lè dúró, ẹni tí ajá rẹ̀ kì í jẹ́ kí a súnmọ́ géètì, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú áàpù báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rò pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó rí i pé áàpù pa ìrìn náà dà, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bí òun ṣe ń rìn ín tẹ́lẹ̀ dọ́gba, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́.

Ọkọ̀ kìíní gba ibi 14 lórí Erékùṣù. Ó ń gba Adékúnlé gun Third Mainland, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Àdélé ní nǹkan bí aago 4:40. Àwọn ìyá ẹléwà mẹ́sàn-án ló ń kọ́kọ́ já fún, kó tó kan onísọ̀ márùn-ún. Bàbá Awakọ̀ yóò sọ pé Afárá Carter ni ìbá gbà. Bí ó bá jẹ́ pé Ìdúmọ̀tà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, mo gbà, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ni àkọ́kọ́. Aago 6:25 ni ọkọ̀ náà ń parí, ó sì ń bọ̀ nílé nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń há sójú ọ̀nà tí ó kọjú sí Erékùṣù. Ọkọ̀ kejì kò kọjá omi mọ́. Ibi 21 rẹ̀ ń tán ní nǹkan bí aago 7:05. Alùpùpù ń gbé ti Òkè Àrín, ó sì ń gba owó bọ̀.

Owó gbígbà ṣì ní wàhálà tirẹ̀, n kò ní purọ́. Àwọn mélòó kan ti kúrò nídìí ọjà nígbà tí ọmọ náà bá dé, gbèsè wọn sì ti fi ọjọ́ kan gùn sí i. Nínú àwọn oníbàárà méjì tó fi mí sílẹ̀, ọ̀kan ti padà wá. Búrẹ́dì tí wọ́n ń dá padà láti Erékùṣù ti dín kù débi pé ọmọ ọkọ̀ ń gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ wálé.

Bàbá Awakọ̀ (Ọjọ́rú, aago 8:33 alẹ́)

Afárá Carter ni ìbá gbà.

Ìyá Ẹléwà Láfíájì (Ọjọ́rú, aago 8:50 alẹ́)

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo gbẹ̀yìn nínú àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo sì tà á tán kí aago méje tó lù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹyọ mẹ́wàá kún tèmi lọ́la.